Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ó Fi Ìwé Ìlera Ọmọ Lé Ìyá Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, bí ẹ bá yà sí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ojota, ní Kétu tàbí ní Ìkòsí ní òwúrọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, ẹ óò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lórí bẹ́ǹṣì, tí olúkúlùkù gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ tàbí pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn kan fi ọ̀rá wé e kí omi má baà bà á jẹ́, àwọn mìíràn ti ká a mọ́ ìsàlẹ̀ àpò pẹ̀lú ìledìí ọmọ. Abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn tìtorí rẹ̀ mú ìwé náà wá. Bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ déètì abẹ́rẹ́ sí i tán, ìwé di kíká padà sínú àpò títí di oṣù tí ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà nínú ìwé náà tí ó ṣe pàtàkì bí abẹ́rẹ́ ti ṣe pàtàkì. Ìlà bíi mélòó kan ni wọ́n fà sí i láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, àwọn ìlà náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀nà tí ń gun òkè. Níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń sàmì sí nígbà tí ó bá gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Kì í ṣe ìlú òyìnbó ni ìlò ìwé yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, láàárín àwọn ìyá Yorùbá, kí ó tó tàn ká gbogbo ayé. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n David Morley, onígbàgbọ́ tí ó ti sin ìlú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, tí ó di dókítà ọmọdé, tí ó sì lo ọdún 86 láyé. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ìyá tí ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri.

Ọmọ àlùfáà di dókítà ológun

Ní ọdún 1923 ni wọ́n bí David Morley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Rothwell. Àlùfáà ìjọ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀. Yunifásítì Cambridge ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó sì kọ́ ìṣègùn ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹ rántí pé ìgbà ogun Hitler ni ìgbà èwe rẹ̀ bọ́ sí. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì bà lára ọsibítù náà jẹ́ ní ọdún 1940 àti 1941, àwọn tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lásìkò náà mọ ohun tí ogun ń fi ojú ènìyàn rí.

Ọdún 1947 ni ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà. Nígbà náà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sin ìlú nínú iṣẹ́ ológun. Morley bọ́ sínú ẹ̀ka ìṣègùn ẹgbẹ́ ọmọ ogun, wọ́n sì rán an lọ sí Málàyà ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Dókítà ológun ni í ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń yìnbọn. Ilẹ̀ olóoru ni Málàyà bí ilẹ̀ tiwa, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ rí bí àìsàn ti ń ṣe ọmọ àwọn aláìní ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó padà sílé, ìtọ́jú ọmọdé ni ó gbájú mọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní agbègbè náà, ní ìlú Newcastle, àwọn dókítà ń tọpa ẹgbẹ̀rún ìdílé tí wọ́n bímọ ní ọdún 1947. Wọn kì í jókòó sí ọsibítù de ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ń lọ bẹ̀ wọ́n wò nílé, láti mọ ibi tí ọmọ ń sùn, ohun tí ó ń jẹ àti àìsàn tí ó ń ṣe é. Ọgbọ́n yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Iléṣà ní ọdún 1956

Ní ọdún 1956, Morley wá sí ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá ọsibítù náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ ìjọ ní ọdún 1975, lónìí ó sì jẹ́ apá kan ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí dókítà náà bá ní Iléṣà bà á lọ́kàn jẹ́. Láti òwúrọ̀ ni èrò ti ń kún ọgbà ọsibítù, tí àwọn ìyá gbé ọmọ tí ó gbóná bí iná dání. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni wọ́n gbé dé nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Èyí tí wọ́n bá wò sàn, inú ilé kan náà, oúnjẹ kan náà àti omi kan náà ni ó ń padà sí. Kò sì pẹ́ tí wọn yóò tún fi gbé e padà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ lè máa rò pé àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà léèrè. Kí ni ìdí tí orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́ àti Bánjókòó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà? Ìyá bí márùn-ún, ó sin mẹ́ta. Àbíkú ni wọ́n ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ ní gbẹ́rẹ́, wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pa àwọn kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ líle, èéyi àti àìjẹun-tó-dára ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù, a sì lè dènà gbogbo èyí.

Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí ogun ti parí

Láàárín àwọn òkè, ní ìhà àríwá Iléṣà, ni ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé wà. Àwọn tí wọ́n kọ́ ìtàn mọ ìlú yìí dáadáa. Ní agbègbè rẹ̀ ni àwọn Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ ti kọjú ìjà sí ara wọn nínú ogun Kírìjì, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ṣe àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886. Ìlú yìí ni Morley yàn láti jagun mìíràn.

Láti ọdún 1957 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Òun pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan lóòrèkóòrè, wọ́n ń kọ ohun tí ó jẹ àti àìsàn tí ó ṣe é, wọ́n sì ń bá a bọ̀ títí ó fi di ọmọ ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Margaret Woodland, wà lára àwọn tí ó dúró ti iṣẹ́ náà gbọin-gbọin. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ìlú tí wọn kò kàwé púpọ̀ náà kọ́ iṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Nọ́ọ̀sì àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí ni ó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí ó wá, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le nìkan ni wọ́n ń fà lé dókítà lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n rí? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọmú ìyá kò ní ẹlẹgbẹ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ Ìmẹ̀sí ń sanra gẹ́gẹ́ bí ọmọ òyìnbó tí ó jẹun kánú ti ń sanra. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́fà lọ, nígbà tí ọmú nìkan kò tó mọ́, ìlà ìdàgbà rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ògì ni wọ́n ń fún un. Ògì dára, ó sì rọrùn fún ọmọ láti gbé mì, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohun tí ń mú ara àti iṣan dàgbà sì kéré. Ẹran, ẹja àti ẹyin tí ó wà nínú ìkòkò, ti bàbá ni. Àwọn àgbà a tilẹ̀ máa sọ pé ọmọ tí ó bá tètè mọ adùn ẹyin yóò di olè. Báyìí ni ọmọ ṣe ń rù láìsí pé ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ dù ú ní ìdí ìkà.

Ohun kejì ni pé àwọn ìyá kò gọ̀. Morley rí i pé ìyá Yorùbá kì í fẹ́ kí oyún bá ọmọ lẹ́nu ọmú, ó sì mọ rírì àṣà bẹ́ẹ̀ tí ń fi àlàfo sáàárín ọmọ méjì. Ó rí i pé ìyá yóò rin ìrìn àjò máìlì púpọ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ bí ó bá ti dá a lójú pé ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀. Àìbìkítà kọ́ ni ó ń mú wọn pẹ́ dé ọsibítù. Kò sí ẹni tí ó fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ó tó dé.

Ohun kẹta ni pé àwọn ọmọ kan wà tí ewu súnmọ́ ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ni ìbejì, ọmọ tí ó kéré jọjọ nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ keje tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ tí ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ ti tú ká, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sin púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sójú ìwé gbangba, kí nọ́ọ̀sì lè mójú tó wọn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ìwé tí ìyá ń gbé lọ sílé

Láti inú ìrírí wọ̀nyí ni Morley ti dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Ṣáájú àkókò náà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti aláìsàn, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti abẹ́rẹ́, ọjọ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti ìwọ̀n. Ìyá wo ni yóò fi oko tàbí ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀? Morley kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ojú kan. Bí ìyá bá gbé ọmọ wá, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò tọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ bí ó bá tó àsìkò, wọn yóò sì bá ìyá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ.

Nígbà náà ni ó wá ṣe ohun tí ó ya àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu jù lọ. Ìwé ọmọ tí ó yẹ kí ó wà nínú káńtà ọsibítù, ó ní kí ìyá máa gbé e lọ sílé. Àwọn kan ní yóò sọnù, àwọn kan ní ọmọdé yóò fà á ya, èkúté yóò sì jẹ ẹ́. Morley fi àpò ọ̀rá bò ó, ó sì fi lé ìyá lọ́wọ́. Àwọn ìyá pa á mọ́ bí ẹni pa owó mọ́, ìwé tí ó ń sọnù lọ́wọ́ ọsibítù sì pọ̀ ju èyí tí ń sọnù lọ́wọ́ wọn lọ. Àǹfààní mìíràn ni pé ibikíbi tí ìyá bá gbé ọmọ lọ, ìtàn ìlera ọmọ náà ń bá a lọ.

Ojú Ọ̀nà Ìlera ni ìtumọ̀ orúkọ tí ó sọ ìwé náà. Ìlà méjì ni ó fà sí i, tí àárín wọn dà bí ojú ọ̀nà. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni kíkà bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Ní oṣooṣù, wọn yóò tọ́ àmì kan sí ibi tí ìwọ̀n ọmọ dé, wọn yóò sì so àmì náà pọ̀ mọ́ ti oṣù tí ó kọjá. Bí àmì wọ̀nyí bá ń gòkè bí ọ̀nà náà ti ń gòkè, ọmọ ń ṣe dáadáa. Bí ó bá tẹ́ tàbí tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan ń ṣe ọmọ, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún bíi mélòó kan kọjá, àwọn olùwádìí fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé ìlú kan tí ó múlé gbè é, èyí tí kò ní irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀. Ikú àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ní Ìmẹ̀sí-Ilé kò tó ìdajì ti ìlú kejì.

Èéyi, ọ̀tá ọmọdé

Nínú gbogbo àìsàn tí Morley bá jà ní Iléṣà, èéyi ni ó burú jù lójú rẹ̀. Ní ìlú òyìnbó nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìyá ka èéyi sí àìsàn tí gbogbo ọmọdé ń ṣe kọjá. Ní ọ̀dọ̀ wa, apànìyàn ni. Ara ọmọ a gbóná, ojú a pọ́n, ẹnu a bó, kò ní lè fa ọmú, ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀ lé e, ikọ́ a sì wọ àyà. Èyí tí kò bá kú nínú wọn lè fọ́ lójú tàbí kí ó rù hangogo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Morley kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èéyi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ní ọdún 1960, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn, Dókítà Samuel Katz, gbé e wá sí Nàìjíríà láti bá Morley dán an wò. Ọdún 1963 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ náà fún àwọn ọmọ tiwọn. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ń sọ fún yín pé ohun àjèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni abẹ́rẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2023, ènìyàn tí èéyi pa káàkiri ayé lé ní 100,000, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní orílẹ̀-èdè wa, ìgbà méjì ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ yìí: nígbà tí ó bá pé oṣù 9 àti nígbà tí ó bá pé oṣù 15. Ìdí tí wọ́n fi ń dúró di oṣù 9 ni pé agbára tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i ṣì ń dáàbò bò ó ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀, agbára náà kì í sì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìyá ń gba ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ń gbàgbé ti ẹ̀ẹ̀kejì nítorí pé ọmọ ti ń rìn, ọwọ́ sì ti dí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Àgbà tí kò sinmi

Ní ọdún 1961 ni Morley àti Aileen ìyàwó rẹ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù sọ ọ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìlera ọmọ ilẹ̀ olóoru. Ẹlòmíràn ì bá fi oyè náà sinmi. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1965 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TALC. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti máa fi ìwé, àwòrán àti ohun èlò ìkọ́ni ránṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú sí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ní ọdún 1973 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣe fún ìlera ọmọ ní irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kọ́ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó kún inú rẹ̀.

Ohun tí owó rẹ̀ kéré, tí ẹnikẹ́ni lè lò, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí fẹ́ràn. Ó gbé ṣíbí kan lárugẹ tí ó ní ẹnu méjì, ẹnu ńlá fún ṣúgà àti ẹnu kékeré fún iyọ̀, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń yàgbẹ́ gbuuru má baà ṣi iyọ̀ bù. Òun àti dókítà kan tí ń jẹ́ Shakir sọ̀rọ̀ ní ọdún 1974 nípa okùn pẹlẹbẹ aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi yí apá ọmọ ká. Bí ó bá dé ibi àwọ̀ ewé, ara ọmọ dá; bí ó bá dé ibi àwọ̀ ìyeyè, kí a ṣọ́ra; bí ó bá dé ibi pupa, ọmọ ti rù jù. Títí di òní ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lo irú okùn bẹ́ẹ̀. Ó tún wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1978, nípa èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ́ bí wọn yóò ṣe tọ́jú àbúrò wọn. Nínú ilé Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n ti ń pọn àbúrò, ta ni kò mọ̀ pé ọgbọ́n ńlá ni èyí?

Ní ọdún 1978 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Alma-Ata, wọ́n sì pinnu pé kí ìtọ́jú ìlera máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítòsí ilé àwọn ènìyàn. Ohun tí Ìmẹ̀sí-Ilé ti ń ṣe láti ogún ọdún ṣáájú ni wọ́n ń sọ. Ní orílẹ̀-èdè wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí òun náà jẹ́ dókítà ọmọdé, gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lárugẹ gẹ́gẹ́ bí mínísítà ìlera láti ọdún 1985 títí di 1992. Àwọn ilé ìlera kéékèèké tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe àti níbi gbogbo, èso ìrònú bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n fún Morley ní ẹ̀bùn Ọba Faisal ti ilẹ̀ Saudi Arabia ní ọdún 1982, Ọba Gẹ̀ẹ́sì obìnrin sì fún un ní oyè CBE ní ọdún 1989. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2009 ni ó sun oorun ìkẹyìn, ní ẹni ọdún 86.

Bí a ṣe ń ka ìlà náà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, kí ni ìtàn yìí fẹ́ kí ẹ ṣe? Ẹ mú ìwé ọmọ yín jáde lónìí, kí ẹ ṣí i sí ojú ewé tí àwọn ìlà wà. Bí nọ́ọ̀sì kò bá ti sàmì sí i rí, tàbí tí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà lásán ni ó kọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ. Ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, màmá, ẹ bá mi sàmì sí i, kí ẹ sì fi hàn mí bóyá ó gòkè.” Ẹ̀tọ́ yín ni.

Bí ìlà ọmọ yín bá ń gòkè, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bá ohun tí ẹ ń ṣe lọ. Ẹ má ṣe fi ọmọ yín wé ọmọ aládùúgbò. Ọmọ kékeré tí ìlà rẹ̀ ń gòkè sàn ju ọmọ ńlá tí ìlà tirẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Bí ìlà bá tẹ́ gbalaja láti oṣù kan sí èkejì, ìkìlọ̀ ni. Ẹ bi ara yín léèrè: Ṣé ó ń ṣu ṣíṣàn ní oṣù yìí? Ṣé ó ní ibà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ń jẹun lóòjọ́? Ṣé ọmọdé ni ẹ fi í sílẹ̀ fún nígbà tí ẹ wà lọ́jà? Bí ìlà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dúró de oṣù tí ń bọ̀ rárá. Ẹ gbé e tọ nọ́ọ̀sì lọ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá.

Ní ti oúnjẹ, ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún un lọ́mú lọ, kí ẹ sì fi oúnjẹ kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ojota kò jìnnà sí ọjà Máìlì 12, níbi tí ẹ̀wà, ẹ̀pà, edé, ẹja àti ẹ̀fọ́ ti ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ po ògì ọmọ kí ó ki díẹ̀, kí ẹ lọ ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sóyà kúnná sí i. Ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí ẹ fi edé lílọ̀ sí. Ẹ fọ́ ẹyin tí ó jinná fún un, kò ní di olè. Epo pupa díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tútù dára fún ojú rẹ̀. Ikùn ọmọ kéré, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ ni kí ó máa jẹ ẹ́.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ẹ béèrè fún ìyẹ̀fun ORS àti oògùn zinc ní ilé ìlera, kí ẹ po ìyẹ̀fun náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ọmọ yín bá jẹ́ ìbejì, tàbí tí ó kéré nígbà tí ẹ bí i, tàbí tí ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń tọ́ ọ nítorí pé bàbá rẹ̀ kò sí nílé mọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má tijú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tọpa àwọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé kí wọ́n tó mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́ ìtọ́jú jù.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkọ yín náà rí ìwé yìí. Bàbá tí ó bá rí i pé ìlà ọmọ òun tẹ́ kò ní ráhùn mọ́ nígbà tí ẹ bá béèrè owó ẹyin.

Iṣẹ́ kò tíì parí o. Ìwádìí ìjọba tí ó jáde lẹ́yìn ti ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà, bí 110 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Iye náà ti dín sí ti ayé àwọn ìyá wa àgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀ jù. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Kí ọmọ tó lè sin wá, àwa ni a óò kọ́kọ́ gbé e kọjá ọdún márùn-ún wọ̀nyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Morley gbà pé ìyá ni dókítà àkọ́kọ́ tí ọmọ ní, ìdí nìyẹn tí ó fi gbé ìwé náà kúrò nínú káńtà ọsibítù tí ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ẹ máa gbé e dání, ẹ sì máa kà á ní oṣooṣù.